Mọ́mì Kí Àwọn Ará Lista

Nichelino, ẹ̀yìn Turin, ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kọkànlá ọdún 1997. Kùrukùru ti bo fèrèsé, kọ̀m̀pútà ńlá kan sì ti gba ìdajì tábìlì ìjẹun àwọn Fáṣínà, bí àlejò tí kò tíì rò ó pé òun máa lọ. Arábìnrin Oyèrónkẹ́ Fáṣínà, tó ti ṣe tíṣà rí nílé, tó wá ń tọ́jú ìyá àgbà kan ará Itálì báyìí, jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwo ẹ̀wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ rẹ̀ Bùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó mọ ohun gbogbo àfi ohun tí ìyá rẹ̀ lè ṣe, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra burẹ́dì wọlé ni.

BÙKỌ́: Mọ́mì, ẹ kú ìjókòó. Kí lẹ ń ṣe nídìí kọ̀m̀pútà mi?

MỌ́MÌ: Mo fẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi Peace ní Novara ni. Mo gbé fóònù, ó ń han gooro sí mi létí bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

BÙKỌ́: Mo ti sọ fún yín. Modem, ẹ̀rọ tó so kọ̀m̀pútà mọ́ fóònù, ló wà lórí ìlà. Tí kọ̀m̀pútà bá ń bá Lista sọ̀rọ̀, ẹ ò lè bá Anti Peace sọ̀rọ̀.

MỌ́MÌ: Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó. Mo ní kí n dúró kí àwọn ará Lista sọ tiwọn tán. Bùkọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ tán! Peace gan-an máa ń dúró mí.

BÙKỌ́: Ẹ ò sáà fọwọ́ kan nǹkan kan?

MỌ́MÌ: Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn níbẹ̀?

(Ó fi ṣíbí ha ìdí àwo díẹ̀díẹ̀.)

MỌ́MÌ: Mo kàn kí wọn ni.

BÙKỌ́: Ẹ kí ta ni?

MỌ́MÌ: Àwọn ará Lista. Gbogbo wọn.

(Burẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ Bùkọ́. Mọ́mì wò ó nílẹ̀.)

MỌ́MÌ: Mú un. Oúnjẹ ni.

BÙKỌ́: Mamma mia! Mọ́mì, àwọn ará Lista kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì! Àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Wọ́n ń fi kọ̀m̀pútà ṣe ìwádìí orin àtijọ́, ìwé àtijọ́, àwòrán àtijọ́. Bí irinṣẹ́ bá dá ẹnì kan lágara, á kọ̀wé sí Lista, lẹ́tà yẹn á dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dáhùn. Ẹni tó ní nǹkan á mú un wá, ẹni tí kò ní á béèrè. Ó parí síbẹ̀. Kò sí ẹ kú ilé, kò sí ẹ kú ọ̀nà.

MỌ́MÌ: Ẹgbẹ́ ni nígbà yẹn.

BÙKỌ́: Lista ni.

MỌ́MÌ: Wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní olórí, wọ́n ní òfin, wọ́n sì ń bínú síra wọn. Bùkọ́, ẹgbẹ́ ni.

BÙKỌ́: Ó dáa, olórí yẹn gan-an ni kí ẹ gbọ́. Dottor Zanin ni, ní Padova. Ó le bí ojú ẹja.

MỌ́MÌ: "Ó"? Ṣé ẹ jọ ń ṣeré ni?

BÙKỌ́: Wọ́n le bí ojú ẹja. Àwọn ni wọ́n ṣe ètò kọ̀m̀pútà tí mo fi ń to orin arẹmọlẹ́kún tí Màmá Ìlá, ìyá àgbà tiwa nílé, kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ètò yẹn ló ń wá ibi tí orin tiwa àti orin àwọn ìyá àgbà Piemonte níbí ti jọra. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti kọṣẹ́. Mo bá ṣí i báyìí, á pa ojú dé. Tesi mi, ìwé ìwádìí àṣekágbá, gbọ́dọ̀ dé segreteria, ọ́fíìsì yunifásítì, lọ́jọ́ Ajé, Mọ́mì. Bí kò bá dé, ó di ìgbà ooru kí n tó gboyè, iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi ní ilé ìkàwé ní Alessandria á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Dottor Zanin nìkan ló lè gbà mí. Wọ́n sì máa ń lé èèyàn kúrò lórí Lista bó bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́! Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan kọ "Buon Natale" sí wọn. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní.

MỌ́MÌ: Torí Kérésìmesì?

BÙKỌ́: Torí Kérésìmesì.

MỌ́MÌ: Ọkùnrin yẹn ń fẹ́ àdúrà.

BÙKỌ́: Èmi ni mò ń fẹ́ àdúrà!

MỌ́MÌ: Ìwọ náà, kí lo sọ nígbà tó o kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wọ́n? Kà á fún mi.

(Bùkọ́ gbé ìyá rẹ̀ kúrò lórí àga pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jókòó, ó wá lẹ́tà tirẹ̀ jáde.)

BÙKỌ́: "Ètò kò ṣí. Ó ń pa ojú dé. Kí ni mo lè ṣe? Grazie."

MỌ́MÌ: Máa kà á lọ.

BÙKỌ́: Ó ti tán.

MỌ́MÌ: Ó ti tán! O dé ilé onílé, o ò kan ilẹ̀kùn, o ò kí bàbá, o ò kí ìyá, o ní ètò kò ṣí. Bí ọlọ́pàá ṣe ń wọlé nìyẹn. Wọ́n wá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń yà ọ́ lẹ́nu. Wọ́n rò pé ìjà lo bá dé ni!

BÙKỌ́: Bí gbogbo wọn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

MỌ́MÌ: Mo rí i. Mo ti ka tiwọn láti ìsàlẹ̀ dókè nígbà tí mò ń dúró de fóònù. Wọn ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Signor Gallo kan wà ní Alessandria, tó ń ya àwòrán ara òkúta ibojì.

BÙKỌ́: Mo mọ̀ wọ́n.

MỌ́MÌ: Ó kọ̀wé pé òun ò ní dáhùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó òun bímọ, obìnrin. Ó wá béèrè irú ẹ̀rọ tó dára láti fi ya òkúta. Bùkọ́, èèyàn mẹ́jọ ló dá a lóhùn lórí òkúta! Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ!

BÙKỌ́: Torí Lista kì í ṣe ti ọmọ.

MỌ́MÌ: Ti ibojì ni.

(Bùkọ́ ń wá lẹ́tà ìyá rẹ̀ lójú kọ̀m̀pútà.)

BÙKỌ́: Bóyá ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́. Bóyá kò lọ.

MỌ́MÌ: Èmi tí mo kọ́ táípù l'Óṣogbo. Bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní "Rispondi". Èkejì ní "Rispondi a tutti", dá gbogbo wọn lóhùn.

BÙKỌ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé àkọ́kọ́ lẹ tẹ̀.

MỌ́MÌ: Kí n kí ẹnì kan ṣoṣo kí n fi ìyókù sílẹ̀? Ta ló kọ́ mi nírú ìwà bẹ́ẹ̀?

(Lẹ́tà náà jáde. Èdè Itálì tí Mọ́mì kọ́ lẹ́nu ìyá àgbà tó ń tọ́jú ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ara Yorùbá ló wà nínú ẹ̀wù yẹn, nítorí náà Yorùbá la ó fi gbọ́ ọ.)

BÙKỌ́ (ó ń kà): "Via dei Gelsi, Nichelino. Àjà kẹta, ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún. Bí aago ẹnu ọ̀nà kò bá dún, ẹ pariwo." Mọ́mì! Kí ni àdírẹ́sì wa ń ṣe níbẹ̀?

MỌ́MÌ: Lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì lókè lápá ọ̀tún, lẹ́tà ọmọ ìta ni. Mo máa ń yọ máàkì nítorí ẹ̀.

BÙKỌ́: "Ẹ̀yin àgbà Lista, ẹ̀yin ọmọdé Lista, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú kùrukùru, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn yín. Ọlọ́run á fún yín lókun." Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n?

MỌ́MÌ: Wo bí ìwọ ṣe ká jọ yẹn. Gbogbo yín lẹ̀yìn ń dùn.

BÙKỌ́: "Signor Gallo, ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á dá a sí, á wò ó. Kí ni orúkọ rẹ̀? Ẹ̀yin tó kù tí ẹ kò kí i, ó yẹ kí ojú tì yín." (Ó gbé orí sókè.) Ẹ ní kí ojú ti àwọn professori?

MỌ́MÌ: Mo kọ "per favore" sí i.

BÙKỌ́: Kí ojú jọ̀wọ́ tì wọ́n.

MỌ́MÌ: Ẹ̀hẹ́n. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀.

BÙKỌ́: "Dottor Zanin, olórí wa, mo rí i pé ẹ ti Lista pa lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá torí pé ẹ ń lọ sin màmá yín. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú aráfẹ́rakù. Báwo ni wọ́n ṣe lọ? Ṣé wọn ò jìyà? Kí ni orúkọ wọn, kí n lè máa dárúkọ ẹ̀yin ọmọ wọn nínú àdúrà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun."

(Bùkọ́ yíjú sí ìyá rẹ̀.)

BÙKỌ́: Mi ò mọ̀ pé màmá wọn ló kú. Mo rántí ọjọ́ yẹn. Wọ́n kàn ní Lista ò ní ṣiṣẹ́.

MỌ́MÌ: Ó wà nísàlẹ̀, nínú lẹ́tà wíntínwíntín. Kí lo ṣe lọ́jọ́ yẹn?

BÙKỌ́ (ohùn kékeré): Mo kọ̀wé béèrè ìgbà tí wọ́n máa ṣí i.

MỌ́MÌ: Ọmọ mi. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́.

BÙKỌ́: Ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù. "Ọmọ mi Bùkọ́ kì í ṣe ọmọ burúkú. Ojú ló ń tì í tí kò fi kí yín. Kò sùn mọ́. Ó máa ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀, á ṣí omi kí n má baà gbọ́, mo sì ń gbọ́. Tesi rẹ̀ kò tíì parí, ọjọ́ Ajé sì ti dé tán..." Mọ́mì! Ẹ ti pa mí! Professoressa Bruno wà lórí Lista!

MỌ́MÌ: Ọ̀gá rẹ? Ó dáa, wọ́n á ràn ọ́ lọ́wọ́.

BÙKỌ́: Mo ti sọ fún wọn pé mo ti parí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá!

MỌ́MÌ: O purọ́ fún tíṣà?

BÙKỌ́: Kì í ṣe irọ́. Mo kàn sáré ṣíwájú òótọ́ díẹ̀ ni.

MỌ́MÌ: Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kà á tán, ìparí ẹ̀ ló dùn.

BÙKỌ́: "Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́. Venite a mangiare. Èmi ni tiyín, Màmá Bùkọ́."

(Bùkọ́ tún ìlà yẹn kà. Ó wo àwo. Ó wo ìyá rẹ̀.)

BÙKỌ́: Mọ́mì, ẹ pe gbogbo Lista wá jẹun.

MỌ́MÌ: Oúnjẹ wà lẹ́nu mi, èèyàn wà níwájú mi. Ṣé kí n kẹ́yìn sí wọn jẹ ẹ́ ni?

BÙKỌ́: Wọn ò sí níwájú yín! Wọ́n wà ní Padova! Ní Milano! Ní Novara!

MỌ́MÌ: Orúkọ wọn wà níwájú mi. Mò ń wò wọ́n, mò ń jẹun. Ojú ń tì mí.

BÙKỌ́: Àwọn ará ibí ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé venite a mangiare, wọ́n á ní a che ora, aago mélòó.

MỌ́MÌ: Ta ló máa ní aago mélòó? Ọ̀mọ̀wé lo pè wọ́n. Bí èèyàn bá ní "ẹ wá jẹun," ẹni tó bá ní làákàyè á ní "á gba ibi ire o," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ìyẹn ní Ìlá.

(Kọ̀m̀pútà dún: tìn-ìn.)

BÙKỌ́: Èsì dé. Signor Gallo ni.

MỌ́MÌ: Ṣé o rí i? Ó ń dúpẹ́ ni. Kà á.

BÙKỌ́: "Signora mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Caterina ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó mi ka lẹ́tà yín, ó bú sẹ́kún. A ń bọ̀ lọ́la, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A che ora?"

(Mọ́mì fi ṣíbí sílẹ̀.)

MỌ́MÌ: Wọ́n ń bọ̀ wá ṣe kí ni?

BÙKỌ́: Wọ́n ń bọ̀ wá jẹun.

MỌ́MÌ: Ẹ̀wà wo? Wo ìdí àwo! Ìgbà tó kù díẹ̀ kó tán ni mo pè wọ́n. Bí a ṣe ń pè nìyẹn!

BÙKỌ́: Mo sọ fún yín.

MỌ́MÌ: Kò rí ara rẹ̀ bí? Ọkùnrin tó ní ọmọ jòjòló nílé!

(Tìn-ìn.)

BÙKỌ́: Dottoressa kan ní Novara. Òun ló ń gba ohùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì sínú kọ̀m̀pútà. Ó ní inú òun dùn, ó ń béèrè bóyá òun lè mú àbúrò òun bọ̀. Àbúrò náà kì í jẹ ẹran.

MỌ́MÌ: Kí ló ṣe é? Ààwẹ̀ ló ń gbà?

BÙKỌ́: Mo máa kọ̀wé sí wọn báyìí. Mo máa ní àṣìṣe ni, kí wọ́n má bínú, kò sí oúnjẹ.

MỌ́MÌ (ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú): O ò gbọdọ̀! Kí wọ́n wá ní ìyàwó Fáṣínà pe èèyàn wá jẹun, ó gbé àwo sá? Wọ́n á sọ ọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Peace á gbọ́. Tí Peace bá gbọ́, Ìlá ti gbọ́ nìyẹn.

BÙKỌ́: Kí wá ni ká ṣe?

MỌ́MÌ: Àwa ò ní lé wọn. Àwọn ni yóò ro ara wọn wò. Kọ ọ́ pé inú wa dùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ wa máa ń ta gan-an. Ata.

(Bùkọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n jókòó wo kọ̀m̀pútà bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó. Tìn-ìn.)

BÙKỌ́: Signor Gallo ní "Meraviglioso!" Ìyàwó òun fẹ́ràn ata.

MỌ́MÌ: Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ! Ó dáa. Kọ ọ́ pé a kì í jẹun lọ́jọ́ Àìkú kí a tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kọ ọ́ pé ìsìn wa máa ń pẹ́. Pásítọ̀ Adéríbigbé kì í wo aago.

BÙKỌ́: Ìyẹn á lé wọn.

(Ó tẹ̀ ẹ́. Tìn-ìn, kíákíá.)

BÙKỌ́: Dottoressa agogo. Ó ní òun àti àbúrò òun á kọ́kọ́ yà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń béèrè bóyá òun lè gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání.

MỌ́MÌ: Wọ́n fẹ́ jẹun, wọ́n fẹ́ jẹ ata, wọ́n fẹ́ gba ohùn pásítọ̀! Kí ni wọn ò fẹ́?

BÙKỌ́: Wọn ò fẹ́ tún ètò mi ṣe, ìyẹn nìkan. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n lórí ètò. Ẹ̀wà ṣíbí méjì, gbogbo Lista ti dìde!

(Tìn-ìn. Bùkọ́ wò ó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.)

MỌ́MÌ: Ta ni?

BÙKỌ́: Professoressa Bruno. "Bùkọ́ mi ọ̀wọ́n. Tesi náà kò tíì parí nígbà náà. A ó sọ̀rọ̀ lọ́la. Ṣé kí n mú wáìnì wá?"

MỌ́MÌ: Wáìnì? Nínú ilé mi? Bàbá rẹ tó jẹ́ díákónì?

BÙKỌ́: Mọ́mì! Ẹni tó ń bọ̀ wá pa mí ni, ọtí lẹ ń rò!

MỌ́MÌ: Ó lè pa ọ́ láì mutí.

(Tìn-ìn. Lọ́tẹ̀ yìí Bùkọ́ kò kà á. Ó rí orúkọ tó wà lókè, ó dìde kúrò lórí àga, ó lọ fara ti fèrèsé.)

BÙKỌ́: Dottor Zanin.

MỌ́MÌ: Olórí?

BÙKỌ́: Wọ́n ti lé mi. Ó ti tán. Kò sí ètò, kò sí tesi, kò sí Alessandria. Ọkùnrin "Buon Natale" sọ ọ̀rọ̀ méjì péré, Mọ́mì. Ẹ̀yin kọ odindi lẹ́tà pẹ̀lú ẹ̀wà nínú ẹ̀. Mi ò lè kà á.

(Mọ́mì kò tíì rí ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ bà jẹ́, kò sì fi pamọ́. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó jókòó, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan.)

MỌ́MÌ: Jẹ́ kí n kà á fún ọ. Bó bá bú wa, èmi ló bú. "Gentile Signora Fáṣínà..." Kò tíì bú wa. "Orúkọ ìyá mi ni Ines. Wọn ò jìyà. Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ. Nígbà tí mo ti Lista pa lọ́jọ́ yẹn, lẹ́tà tó wọlé pọ̀, gbogbo wọn ló ń béèrè ìgbà tí mo máa ṣí i. Tiyín ni àkọ́kọ́ tó béèrè wọn."

(Bùkọ́ yí ojú kúrò lára fèrèsé.)

MỌ́MÌ (ó ń bá a lọ): "Ní ti ètò ọmọ yín, àṣìṣe kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ètò náà ni àṣìṣe wà, èmi ni mo sì ṣe ètò. Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ojú ló ń tì mí láti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo Lista."

BÙKỌ́: Wọ́n ti mọ̀? Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?

MỌ́MÌ: Dákẹ́ ná, ìwọ náà sáré ṣíwájú òótọ́. "Mo ti tún un ṣe. Mo máa wọ treno àárọ̀ láti Padova, mo máa gbé dischetto tí ètò tuntun wà nínú rẹ̀ bọ̀. N ó jókòó ti Bùkọ́ títí gbogbo orin rẹ̀ yóò fi ṣí. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní: lórí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan oúnjẹ."

(Bùkọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún kó tó dé ìdajì. Ó ń lọ sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀.)

MỌ́MÌ: Bùkọ́.

BÙKỌ́: Mọ́mì?

MỌ́MÌ: Jókòó síbí kó o sun ún. Omi ń náni lówó.

(Bùkọ́ jókòó, ó gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn. Mọ́mì ń gbá a lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń yí kiri yàrá.)

MỌ́MÌ: Signor Gallo, ìyàwó, ọmọ. Agogo àti àbúrò. Ọ̀gá rẹ. Olórí. Bàbá rẹ, èmi, ìwọ. Àga mélòó la ní?

BÙKỌ́: Mẹ́rin. Èyí tí ẹ jókòó lé yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀.

MỌ́MÌ: Ẹ̀wà, mo lè rẹ ẹ́ ní alẹ́ yìí. Ata wà. Àga ni mi ò lè rẹ.

BÙKỌ́: Ká lọ yá ti ṣọ́ọ̀ṣì?

MỌ́MÌ: Lọ́jọ́ Àìkú, kí àwọn èèyàn Ọlọ́run wá dúró? Kí lo sọ fún mi nípa Lista lẹ́ẹ̀kan?

BÙKỌ́: Pé kì í ṣe ẹgbẹ́.

MỌ́MÌ: Rárá, èyí tó ṣáájú ìyẹn. Ẹni tó ní nǹkan á mú un wá, ẹni tí kò ní á...?

BÙKỌ́: Á béèrè. Mọ́mì, rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé ló ń ka Lista!

MỌ́MÌ: Wọn ò ní àga nílé? Béèrè.

(Bùkọ́ nu ojú. Ó fa àga mọ́ra, ó tẹ̀ ẹ́ kíá: "A kò ní àga. Ta ló ní?" Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì nígbà tí Mọ́mì lù ú lọ́wọ́.)

MỌ́MÌ: Ọlọ́pàá! Bẹ́ẹ̀ náà lo tún fẹ́ wọlé!

(Bùkọ́ mí kanlẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.)

BÙKỌ́ (ó ń tẹ̀, ó ń sọ): "Via dei Gelsi, Nichelino, àjà kẹta. Ẹ̀yin àgbà Lista, ẹ̀yin ọmọdé Lista, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú kùrukùru. Ẹ kú ìmúra ọ̀nà. Dottor Zanin, Ọlọ́run á tẹ́ Mamma Ines sí afẹ́fẹ́ rere. Mo bẹ̀bẹ̀ pé mi ò kí yín lọ́jọ́ yẹn. A kò ní àga tó." Ṣé ó ti tó?

MỌ́MÌ: Béèrè ọmọ Signor Gallo.

BÙKỌ́: "Ṣé Caterina sùn dáadáa?"

MỌ́MÌ: Ó tó. Rispondi a tutti.

(Ó tẹ̀ ẹ́. Wọn ò tíì kó ọwọ́ nílẹ̀: tìn-ìn.)

BÙKỌ́: Signor Gallo. "Caterina sùn. Mo ní àga mẹ́fà tó ṣeé ká, mo máa kó wọn sínú ọkọ̀. Ẹ fojú fo àṣìṣe inú lẹ́tà yìí, a wà nídìí oúnjẹ báyìí ni. Venite a mangiare."

(Mọ́mì rẹ́rìn-ín, ó kọwọ́ lé àyà bí tíṣà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó burú jù yege.)

MỌ́MÌ: Ọlọ́run mi o! Ó ti mọ̀ ọ́n! Bùkọ́, dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Sọ fún un pé á gba ibi ire o.

BÙKỌ́: "Signor Gallo, á gba ibi..."

(Mọ́mì wo ìdí àwo tirẹ̀, níbi tí ẹ̀wà ṣíbí méjì ti gan. Ó wo fèrèsé, ó gbé kóòtù rẹ̀ lára ìṣó.)

MỌ́MÌ: Dúró. Pa ìyẹn rẹ́. Bi í pé, a che ora?